Okun Ni Wọ́n Pe Ibùdókọ̀ Wa

Kí wọ́n tó bí mi ni ìjọba ti ń wọn ojú ọ̀nà wa fún bọ́ọ̀sì. Ìyá mi, tó kọ́kọ́ ń ta iyọ̀ àti irú ní oríta Ìdí-Iṣin, ló rí àwọn tó kọ́kọ́ wá wọ̀n ọ́n. Wọ́n na okùn gígùn, wọ́n ri èèkàn mọ́lẹ̀. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì ńlá yóò máa gbéra ní Kàbà, yóò gba Mọ̀pà àti Ìsánlú títí dé Odò-Ẹrẹ̀, àti pé bó kún, bí kò kún, yóò máa lọ lásìkò. Ìyá mi ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn lòun fi mọ̀ pé irọ́ ni. Ta ló ń gbé mọ́tò tí kò kún? Nígbà tó pẹ́ tí a ò rí nǹkan, ó so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́ èèkàn ìjọba. Ewúrẹ́ náà bímọ síbẹ̀. Àǹfààní kan ṣoṣo tí ìdílé wa rí nínú ètò ọkọ̀ nìyẹn.

Ìjọba lọ, ìjọba dé. Àwọn kejì kun èèkàn tiwọn ní pupa. Wọ́n ní àwọn àgbẹ̀ ò ní í fi iṣu rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò mọ́. A pàtẹ́wọ́ fún wọn. Alángbá ló ń gun èèkàn náà báyìí, tó ń mirí bí ẹni tó gbà wọ́n gbọ́.

Àwọn kẹta ò mú èèkàn wá rárá, fóònù ni wọ́n mú dání. Ọ̀gá wọn jẹ́ ọmọkùnrin kan tí kò gbọ́ èdè wa dáadáa. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, èyí tí ìyá mi fi amọ̀ mọ, ó ní ibẹ̀ gan-an ni bọ́ọ̀sì yóò ti máa dúró. Kí n jẹ́ kí wọ́n wó o, wọn yóò kọ́ ìsọ̀ onípáànù sínú ibùdókọ̀, èmi ni wọn yóò kọ́kọ́ fún. Mo bi í pé bí bọ́ọ̀sì ò bá wá ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí lèèyàn fẹ́ fi ìjọba ṣe? N kò tíì kó iyọ̀ mi jáde tán tí ògiri fi wó.

Ó wá béèrè orúkọ ibẹ̀. Bàbá tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí i bó ṣe ń làágùn. Ní ilẹ̀ wa, a kì í dá ẹni tó wà nínú oòrùn lóhùn láìkọ́kọ́ kí i.

“Okun o,” ni bàbá wí.

Ọmọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. À ń retí kó dáhùn ìkíni ká lè sọ orúkọ, ó ti wọ mọ́tò.

Okun yìí kì í ṣe òkun tí ẹja ń gbé, kì í sì í ṣe okùn tí a fi so ewúrẹ́. Agbára la fi ń kí ara wa: ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó tọ̀nà dé, títí kan ẹni tó jókòó lásán.

Nígbà tí n kò rí bọ́ọ̀sì, tí n kò rí ìsọ̀, mo gba ọ́fíìsì wọn lọ ní Kàbà. Ọmọbìnrin Ìyàgbà kan tẹ́ àwòrán ọ̀nà náà sórí tábìlì fún mi. Ọ̀nà ń lọ bí ekòló, gbogbo oríta sì ń jẹ́ Okun, Okun, Okun. Gbogbo oríta ni wọ́n ti kí ọ̀gá onífóònù náà dáadáa. Ọmọbìnrin náà ní àwọn ọ̀gá àgbà ní Lọ́kọ́ja sọ pé ibùdókọ̀ kan kì í pọ̀ tó báyìí, wọ́n pa ìyókù rẹ́, wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀.

“Èwo ni wọ́n fi sílẹ̀?”

“Màmá, Okun ni.”

Mo rẹ́rìn-ín títí ọlọ́dẹ fi yọjú. Omi ń bọ́ lójú mi. Kẹ́nikẹ́ni má bi mí pé omi wo ni. Mo bẹ ọmọbìnrin náà kó kọ Ìdí-Iṣin síbẹ̀ fún mi. Ó ní wọ́n ti buwọ́ lù ú, òun kàn ń tọ́jú ìwé ni.

Orí pákó ni mo ń tajà báyìí, lábẹ́ igi iṣin. Tí òjò bá dé, mo máa ń sá sábẹ́ àtíbàbà onítáyà.

Lọ́dún yìí, a gbọ́ pé wọ́n tún ń tún ètò náà tò. Mo sọ fún onítáyà pé kó pa ẹnu rẹ̀ dé lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá, kó fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Mo ń ka Ìdí-Iṣin, Ìdí-Iṣin, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́. Wọ́n dé lóòótọ́. Obìnrin kan ló sọ̀ kalẹ̀, ó jù mí lọ, eruku bo bàtà rẹ̀, oòrùn ń pa á. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè orúkọ oríta wa.

“Okun o, ìyá,” ni ẹnu mi wí.

Ó tẹrí ba sórí ìwé rẹ̀, ó ń kọ ọ́. Mo ń pariwo Ìdí-Iṣin tẹ̀lé e títí dé ẹnu mọ́tò. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní òun ti gbọ́.

Onítáyà wò mí, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sínú táyà rẹ̀ lọ.