Súṣì Òkè Tí Kò Ní Ẹja

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹrin ọdún 2019, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló sì ń gun òkè lọ sí Yanose, abúlé kan ní Kochi nílẹ̀ Japan, lọ́jọ́ Àìkú, láago mọ́kànlá òwúrọ̀. Okabayashi Tomie mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú, síbẹ̀ ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tó ti ń yọjú sójú títì.

Kanae ọmọ rẹ̀ ló ń bọ̀. Láti ọdún mẹ́fà ni Kanae kì í ti í jẹ ẹran tàbí ẹja. Bó bá wálé, nínú súṣì òkè, ìṣù ìrẹsì tí wọ́n fi nǹkan oko lé lórí dípò ẹja, ti òdòdó atalẹ̀ nìkan ló ń mú, kì í fọwọ́ kan ìyókù, á ní òun ti yó. Tomie gbà pé ìlú ńlá ló kọ́ ọ ní ìgbéraga. Èéhù ọparun, olú, kọ́nyáku tí wọ́n fi iṣu kan ṣe, tó rọ̀ bíi pọ̀nmọ́, ìrẹsì tí wọ́n fi omi ọsàn kíkan pò: níbo ni ẹja wà ńbẹ̀? Gbogbo Yanose ló ń búra pé súṣì òkè kò ní ẹja. Kò sẹ́ni tó yẹ inú ìkòkò wò.

Lónìí, ó fẹ́ kí ọmọ yìí jẹun tán nílé òun. Ó to àwo, ó tú u, ó tún un tò.

"Tomie, jókòó! Àbí o fẹ́ fẹsẹ̀ gbẹ́ kòtò síbẹ̀ ni?" Kikuno aládùúgbò rẹ̀ ju kọ́nyáku kan sẹ́nu. "Ó mà dùn o! Kí lo fi sè é?"

"Omitoro ni. Kí ni ǹ bá tún fi sè é?"

"Omitoro kí ni?"

"Ti ẹja katsuo gbígbẹ, bíi ti gbogbo..." Ó yíjú wo ìkòkò.

Ní Kochi, wọn kì í ka katsuo gbígbẹ mọ́ ẹja. Bí iyọ̀ ni wọ́n ṣe ń kà á.

Kikuno bú sẹ́rìn-ín. "Àṣé orí igi ni katsuo ti ń so!"

Inú omi kan náà ni ọparun àti olú ti hó. Òdòdó atalẹ̀ nìkan ló yọ, omi ọsàn ni wọ́n rẹ ẹ́ sí. Tomie gbé ìkòkò mìíràn kaná, ó tún gbé e kúrò. Bọ́ọ̀sì ti ń fun fèrè nísàlẹ̀.

Kanae wọlé, ó kí wọn, ó jókòó. Bó ti ń nawọ́ sí òdòdó atalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ìyá rẹ̀ fa ìyókù sẹ́yìn.

"Ẹja wà nínú omi tí mo fi se ìwọ̀nyí," Tomie ní. "Ọjọ́ pẹ́ tó ti wà ńbẹ̀."

Kanae jẹ òdòdó atalẹ̀ kan tán, ó mú òmíràn.

"Mo mọ̀, Màmá. Àbí ẹ rò pé mo ń yó láti ọdún mẹ́fà ni?"