Gíláàsì tí Màámi Jù Sínú Apẹ̀rẹ̀

Ọlọ́kadà kan ló gbé màámi wálé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sì gbowó. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà wa ní Ẹ́sítéètì Ìbà.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ so màmá yín mọ́lé o! Ọkọ̀ ń bọ̀ láti Ọ̀jọ́, ó ń fọn fèrè, Màmá ń rìn lọ sójú títì bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ká ní mi ò fà wọ́n láṣọ ni!"

"Ọmọ yìí ti pariwo jù," màámi wí. "Mo rí ọkọ̀ náà."

Wọn ò rí i. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọn ò rí i.

Nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ni ajíhìnrere kan pàgọ́ sórí pápá kan ní Òkókómáíkò. Iṣẹ́ oníròyìn ni mò ń ṣe nígbà náà, àmọ́ màámi ni mo sìn lọ, mo sì fi etí ara mi gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà. Ó mọ̀ ọ́n sọ. Bó bá fẹ́ ká sunkún, á rẹ ohùn sílẹ̀, ẹni tó ń tẹ dùùrù náà á rẹ tiẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹnìkan wà níbí," ó wí. "Ọlọ́run ti wo ojú rẹ̀ sàn, síbẹ̀ ó ń fi gíláàsì ojú bú Ọlọ́run. Bí ikú bá pàdé rẹ lọ́nà ilé, kí lo máa wí?"

Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá kan síwájú pẹpẹ. Ẹni tó bá gbàgbọ́, kó ju ọ̀pá rẹ̀ síbẹ̀, kó ju oògùn, kó ju gíláàsì. Màámi jáde, wọ́n ju gíláàsì tiwọn síbẹ̀. Kí n tó mọ̀, ẹnìkan ti gbé máíkì fún màámi. "Mo ń ríran kedere!" Àgọ́ hó yèè.

Bí a ṣe ń ṣe nígbà náà nìyẹn. A kì í dúró de ìwòsàn ká tó jẹ́rìí. Ẹ̀rí ló ń fa ìwòsàn wá, wọ́n ní. Ẹni tó bá sì padà lẹ́yìn ẹ̀rí rẹ̀, ó ti sọ Ọlọ́run di òpùrọ́. Mo ra gíláàsì mìíràn fún màámi ní Ọ̀jọ́, abẹ́ ìrọ̀rí ni wọ́n fi sí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọdá títì Badagry lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ránṣọ. Aládùúgbò wa obìnrin kan sọ fún mi pé, "Màmá fi bọ́tìnnì pupa sára bùláòsì aláwọ̀ ewé mi. Ojú ń tì mí láti sọ fún wọn, mo wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ń pè mí ní iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì."

A rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ti ọlọ́kadà ò ṣeé rẹ́rìn-ín sí. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni mo lọ pe pásítọ̀ ìjọ wa.

Bàbá àgbà ni, kì í sì í ṣe ẹni tí ohùn rẹ̀ rọ̀. Tó bá ń wàásù, ó máa ń pariwo, ó sì máa ń sunkún nígbà mìíràn. Ó jókòó, ó mu omi.

"Màmá, ọkọ̀ tó fẹ́ kọ lù yín, àwọ̀ wo ni?"

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, pásítọ̀ na ọwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́. Ó ń dúró de ìdáhùn.

"Mi ò rí i," màámi wí níkẹyìn. "Láti ọjọ́ tí mo ti jẹ́rìí ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ẹ̀rù ọkọ̀, ẹ̀rù Ọlọ́run."

"Ẹ̀rù ọkọ̀ dáa," bàbá náà wí. "Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó dúró tì yín nígbà tí bàbá àwọn ọmọ kú, ṣé torí gíláàsì ni yóò fi yín sílẹ̀? A ó máa gbàdúrà fún ojú yín. Ẹ máa fi gíláàsì wo títì, ká lè rí yín gbàdúrà fún."

"Ẹ̀rí tí mo jẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ òmíràn. Ọlọ́run ò bẹ̀ wá ká fi irọ́ gbe òun lẹ́sẹ̀."

Màámi wọ yàrá lọ. Nígbà tí wọ́n jáde, gíláàsì ti wà lójú wọn. Wọ́n wo àlejò wa títí.

"Háà, Pásítọ̀! Ẹ ti darúgbó o!"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n dìde láàárín ìjọ. "Mo ní mo ń ríran. Mi ò ríran. Gíláàsì mi rèé. Ẹ bá mi dúpẹ́ pé ọkọ̀ ò pa mí." Ló bá di pé bàbá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin fa gíláàsì yọ nínú àpò, ó fi aṣọ nù ún, ó wọ̀ ọ́. Obìnrin kan pẹ̀lú tú tirẹ̀ jáde nísàlẹ̀ báàgì. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Mo bi màámi léèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín ajíhìnrere náà àti pásítọ̀ wa. "Ẹni àkọ́kọ́ ò bi mí ní nǹkankan," wọ́n ní. "Èyí bi mí, ó sì dúró gbọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo sìn wọ́n dé etí títì. Mo fẹ́ di ọwọ́ wọn mú, àwọn ló di tèmi mú.

"Dúró," wọ́n ní. "Ọ̀kan ń bọ̀. Búlúù ni."