Àwọn Aṣojú Inú Fóònù Tó Fẹ́ Pín Ogún Ìyá Wa

Ẹ fa àpótí súnmọ́ mi, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́, bóyá yóò yé ẹ̀yin, torí kò yé èmi.

Nígbà tí ìyá wa kú, nǹkan méjì ni wọ́n fi sílẹ̀: ìsọ̀ tí wọ́n ti ń dín dòdò lẹ́bàá títì ní Ìkirè, àti oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Àpòmù. Ọmọ méjì la jẹ́. Èmi ń gbé Ìkirè, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé Àpòmù. Ìsọ̀ yẹn lọkàn mi wà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi ata po ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀.

Ọmọ mi obìnrin ní kí a má fi ogún bá ara wa jà. Ó ní aṣojú kan wà nínú fóònù òun, ẹ̀rọ tó ń ronú bí ènìyàn. Ọ̀kan náà wà nínú fóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn aṣojú méjèèjì á jọ sọ ọ́.

"Ṣé wọ́n mọ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀?"

"Màámi, wọ́n ní òfin tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kálukú á sọ ẹni tó rán òun, á sì sọ ohun tí ẹni náà fẹ́. Ohun tí ẹ ò bá sọ, wọn ò gbọdọ̀ fi kún un."

Mo wá rán aṣojú náà bí mo ṣe máa ń rán ènìyàn: "Sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé n kò fẹ́ nǹkan kan, kí wọ́n mú èyí tó bá wù wọ́n." Ta ni yóò ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ìsọ̀ lòun fẹ́?

N kò tíì fọ abọ́ tán tí èsì fi dé. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní àwọn ò fẹ́ nǹkan kan. Àwọn aṣojú méjèèjì sì ti fẹnu kò: nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ogún náà, kí a tà á.

Ta kí ni? Mo wọ ọkọ̀, ó di Àpòmù.

Ẹ̀gbọ́n mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ yìí, o ní o ò fẹ́ ogún ìyá rẹ?"

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ ní ẹ ò fẹ́."

"Ṣé kí n máa já a gbà lọ́wọ́ àbúrò mi ni? Ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́!"

"Ẹnu lásán lèmi náà fi sọ ọ́."

"Ó dáa, kí lo fẹ́ gan-an?"

Ojú tì mí. "Ìsọ̀ ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ìsọ̀ lèmi náà fẹ́."

Ṣé ẹ̀rọ náà ló ṣì wá gbọ́ ni, àbí àwa la ṣì í rán? Ohun tí a ní kó sọ náà ló sọ. Mo fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún wọn, torí àgbà ni wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹnu lásán.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ará Àpòmù ṣe jogún ìsọ̀ Ìkirè, tí èmi ará Ìkirè sì jogún oko Àpòmù. Láràárọ̀, ọkọ̀ wọn á máa bọ̀, tèmi á máa lọ.