Owó Iṣẹ́ àti Owó Ọbẹ̀

Yangí ni bàbá mi ń rù lójú ọ̀nà Òṣú, láyé ìgbà tí wọ́n ń tún títì ibẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ òòjọ́ ni: ẹni tó bá ṣe tòní ló ń gbowó òní. Ọjọ́ kan ni ẹ̀gbẹ́ kòtò tí wọ́n ti ń wa yangí ya lù ú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Orí pákó ni wọ́n gbé e wálé. Baba kan láti Ìwàrà tó ń to eegun ní òun á wò ó sàn, ká máa sanwó díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bí owó ò bá sí, òun ò ní wá mọ́.

 Ìyá mi gbé páànù tí bàbá mi fi ń ru yangí, ó di ojú ọ̀nà, èmi náà tẹ̀ lé e láti máa pọn àbúrò mi. Háà, ìyá mi yìí! Báwọn ọkùnrin ṣe ń rù ú lòun náà ń rù ú. Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá tó ń kó wọn ṣiṣẹ́ fi ìdajì ohun tí bàbá mi máa ń gbà lé e lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, èé ti jẹ́? Ẹrù tí ọkọ mi ń rù náà ni mo rù."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ọkùnrin ló ń gba owó iṣẹ́. Owó ọbẹ̀ ni tobìnrin. Ṣebí ọkọ rẹ ló ń bọ́ ọ?"

"Ọkọ mi wà lórí ẹní."

"Ọlọ́run á gbé e dìde."

Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí! Inú ṣì ń bí mi dòní. Ọbẹ̀ wo? Gààrí àti iyọ̀ la ń jẹ. Gbogbo owó náà, baba Ìwàrà ló ń gbà á, kò sì tó o. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Eegun bàbá mi jinná ní wíwọ́, ó di ẹni tó ń tiro. Wọ́n ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Ẹ lọ bi ìyá mi.

Bàbá mi padà síbi iṣẹ́. Kò lè ru nǹkan kan mọ́, wọ́n bá ní kó jókòó sábẹ́ igi, kó máa fọ́ òkúta. Odindi owó ọkùnrin ni wọ́n san fún un. Ìyá mi tó ń ru yangí lọ, tó ń ru yangí bọ̀ nínú oòrùn, ìdajì náà ló gbà. Bàbá mi ò lè wojú ẹ̀.

Bá a ṣe ń wọ àdúgbò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn aládùúgbò tú jáde.

"Baba, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú làálàá ọmọ! Olúwa ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín!"

Kò sẹ́ni tó kí ìyá mi. Ó gba ẹ̀yìn wọn wọlé, ó lọ dáná.