Èbà Ọwọ́ Òsì

Táwọn èèyàn bá bi mí níbi tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán àti eré wo aláìsàn, wọ́n máa ń retí kí n dárúkọ ìlú òyìnbó kan. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Ìtìjú ló kọ́ mi, ní Pọ́tákọ́ọ̀tù níbí, lọ́dún 1969.

Tíṣà àwòrán ni mí nígbà yẹn. Ogun sọ ilé ẹ̀kọ́ wa di ọsibítù àwọn sójà, wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì sí kíláàsì mi, wọ́n sì gbàgbé láti lé mi jáde. Ni mo bá ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Rumuokwuta láràárọ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àti pátákó, mo ń kọ́ àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní yíyàwòrán. Dókítà àgbà ní òun ò rí ìwúlò mi, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí mi ò ti jí oògùn, kí n máa ṣeré mi lọ.

Ọmọ Yorùbá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀bá fèrèsé, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Bọ́ǹbù ti gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n ní kó fi ọwọ́ òsì jẹun, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọwọ́ tóun fi ń nùdí kọ́ lòun máa fi jẹun, ìyá òun ò tọ́ òun bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì a fi ṣíbí méjì sí i lẹ́nu, a sì sáré lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Dókítà sọ ọ́ láìfi bò pé bí kò bá jẹun, egbò yẹn ò ní jinná, yóò sì kú.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe oúnjẹ, kó kàn mú un dání. Ọjọ́ márùn-ún ló fi kọjú sógiri. Lọ́jọ́ kẹfà ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń sun àgbàdo. Orí ìyá náà tóbi ju ilé lọ, àmọ́ inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n jó. Ó na pátákó náà sí mi.

Ẹnu mi yára ju orí mi lọ. "Ọwọ́ òsì lo fi ń fún àgbà ní nǹkan?"

Yéè! Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni, bí èmi náà sì ṣe ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Ó rọra gbé pátákó náà sílẹ̀, ó ki ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù ún kù sábẹ́ aṣọ. Láti ọjọ́ yẹn kò gba ṣíbí nọ́ọ̀sì mọ́ rárá. Mo délé, mo bú ara mi láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí ẹni tí kò ní ọ̀tún mọ́ máa fi júwe tiẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, mo gbé èbà àti ọbẹ̀ ẹja wá, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo fi ọwọ́ ọ̀tún mi sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi òsì jẹun. Mo jìyà. Òkèlè ń já bọ́, ọbẹ̀ ń ṣàn wọ inú bùbá mi. Sójà kan ní bẹ́ẹ̀dì kejì fi pijin bi mí bóyá etí ni mo fẹ́ gbà jẹ ẹ́, gbogbo wọ́ọ̀dù sì bú sẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ọmọ náà pé mo ṣẹ̀ ẹ́, kó má bínú. Ó ń wo ọwọ́ mi ṣáá. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n bù, àǹtí," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Ó yọ ọwọ́ òsì rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, ó bu òkèlè, ó kì í bọ ọbẹ̀. Tirẹ̀ náà já bọ́. Ó bu òmíràn, èyí dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì, ó tún bù. Nígbà tí mo nawọ́ sí orí ẹja, ó fa abọ́ náà mọ́ra. Inú bí mi díẹ̀, torí ẹja wọ́n nígbà ogun. Lẹ́yìn náà ni mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sunkún.