Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi Tí Kì Í Jẹ Ata

Tí mo bá ti gbóòórùn ewé gúáfà báyìí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mo máa ń rántí. Ó pẹ́ tí inú ti ń yọ màmá yẹn lẹ́nu, ó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, àmọ́ ní gbogbo Ọ̀tà, àwa ará ilé nìkan la mọ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná àti omi ewé gúáfà ló fi ń tọ́jú ara ẹ̀. Kò wò ó sàn o, ó kàn ń jẹ́ kó rọlẹ̀ ni. Ata ńkọ́? Láéláé! Á ní, "Ikùn mi kì í ṣe rélùwéè òyìnbó, kì í ṣe gbogbo ẹrù ló lè kó."

Lọ́jọ́ tá a lọ tọrọ ìyàwó mi ní Ìtẹ̀lé, wọ́n gbé ọbẹ̀ aláta wá, màmá bá ṣí abọ́ ẹ̀kọ tiẹ̀. Ìyá ìyàwó fajú ro.

"Ṣé ẹ rò pé a máa fún yín ní májèlé jẹ ni?"

Inú bí mi, mo fò dìde, mo ní ká máa lọlé!

"Jókòó, wèrè," màmá ní. Ó yíjú sí wọn. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin àna wa. Ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ni mò ń yà. Tí mo bá jẹ ata yín, ẹní yín lẹ máa fọ̀."

Ìyá ìyàwó bú sẹ́rìn-ín, ó gbé ọbẹ̀ kúrò níwájú màmá. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Àṣírí tí màmá fi pamọ́ fún gbogbo Ọ̀tà, ó tú u fún àwọn tí kò mọ̀ rí, kí n ṣáà lè níyàwó.