Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Aṣọ Létí Ọ̀sà

Òórùn ẹja tí ìyá mi ń yan ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn ní Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n ariwo àwọn ẹgbẹ́ mi létí ọ̀sà ló lé oorun lójú mi pátápátá. Wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ràṣídà, ọ̀rẹ́ mi, pe orúkọ mi títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà, ọmọ apẹja, ẹ gbọ́ ná, mi ò mọ̀wẹ̀!

Bàbá mi ló fà á. Orí omi ni wọ́n ti ń jí, síbẹ̀ wọ́n ní ọmọ àwọn ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan omi. Iléèwé láàárọ̀, ẹ̀kọ́ àfikún lọ́sàn-án, ilé kéwú nírọ̀lẹ́. Bí Sátidé bá dé, ìwé náà ni. Wọ́n á ní: "Wọn ò ní bi ọ́ ní ìlúwẹ̀ẹ́ nínú ìdánwò. Àbí ìwọ náà fẹ́ gbó sínú ọkọ̀ bíi tèmi?"

Ta ló sọ pé mi ò fẹ́ràn ìwé? Ipò kejì ni mò ń gbé ní kíláàsì. Ràṣídà tó ń fojoojúmọ́ lúwẹ̀ẹ́ ló sì ń gba ipò kìíní! Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ ni omi náà. Lójú bàbá mi, eré aláìnírònú ni. Mo ka ọ̀rọ̀ òbí sí, mo gbé ìwé lọ sétí ọ̀sà, àwọn ẹgbẹ́ mi sì kó aṣọ wọn lé mi lẹ́sẹ̀ pé kí n máa ṣọ́ ọ. Mò ń ka bí ẹja ṣe ń mí, inú ń bí mi, omijé ń bọ́ sórí ìwé.

Olùkọ́ ni mí ní Ìkòròdú báyìí. Ìwé ò kúkú já mi kulẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ejìnrìn, èmi nìkan ni mo máa ń di ọkọ̀ mú gírígírí. Àwọn ọlọ́jà á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Àǹtí, ṣé Ẹ̀pẹ́ náà lẹ ti wá?"

Lópin ọlidé tó kọjá, mo lọ mú Àmínà ọmọ mi lọ́dọ̀ bàbá mi. Àárín ọ̀sà ni mo bá a, ó ń lúwẹ̀ẹ́. Mo sáré dé etí omi, mo ké sí i:

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Bàbá àgbà ni!"

Bàbá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Mo ní, "Bàbá, ìdánwò rẹ̀ ń kọ́?"

"Háà, Ìyá Àmínà, jẹ́ kọ́mọ ṣeré."

Wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín o! Àfi bí Àmínà ṣe ké láti inú omi: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di aṣọ mi mú, kí omi má gbé e lọ!"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú un. Mo tún dúró síbi tí mo dúró sí lọ́jọ́sí, mò ń ṣọ́ aṣọ.